The Black Keys àti báńdì ẹlẹ́ni méjì n'Íbàdàn: ọ̀nà wo ni wọ́n tọ̀, kí la lè mú níbẹ̀?

GìtáMókólá

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Báńdì ẹlẹ́ni méjì ni: gìtá kan, dùrọ́ọ̀mù kan, kò sí béèsì, kò sí kíbọ́ọ̀dù. Blues-rock là ń ta, Yorùbá la fi ń kọrin, Mókólá la ti ń ṣe ìdánrawò. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ, orúkọ The Black Keys ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí i lẹ́nu, torí pé ẹni méjì làwọn náà. Òkìkí wọn kọ́ ni mò ń béèrè. Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ là fún mi: ibo ni wọ́n ti gba àwo wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀, irú ẹ̀rọ wo ni wọ́n lò, ọdún mélòó ni wọ́n fi rìn kí owó tó dé?

Ìkejì, báwo ni gìtá àti ìlù nìkan ṣe ń kún etí láìsí béèsì? Tiwa ń dún bí ìkòkò tí ìdí ẹ̀ ti jò. Ìkẹta, ìwé wo ló yẹ kó wà nílẹ̀ kí orin tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ ṣeun.

Aláwo Òkè-Àdó

Ìbéèrè gidi lèyí. Ẹ jẹ́ kí n mú apá àkọ́kọ́, kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ mú ìyókù.

Ọdún 2001 ni Dan Auerbach, tó ń ta gìtá tó sì ń kọrin, àti Patrick Carney, onílù, dá báńdì náà sílẹ̀ ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Akron kì í ṣe ìlú olórin bíi Nashville. Ìlú táyà ni. Oṣù Kẹta 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ gorí pèpéle, ní Beachland ní Cleveland tó wà nítòsí wọn. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwo wọn àkọ́kọ́ ti jáde lábẹ́ Alive, ilé-iṣẹ́ kékeré kan. Ẹ wo bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra wọn: oṣù méjì péré ló wà láàrin pèpéle àkọ́kọ́ àti àwo àkọ́kọ́, torí pé inú ilé ni wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ tipẹ́. Ọ̀pọ̀ báńdì wa níbí ń ṣe òdì kejì ẹ̀: wọ́n á ṣeré ọdún márùn-ún, kò ní sí orin kan tí èèyàn lè gbé lọ sílé.

Àwo kejì ni kí ẹ tẹjú mọ́. Oṣù Kejìlá 2002 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ nílé Carney, láàrin wákàtí mẹ́rìnlá. Tascam 388 ni ẹ̀rọ tí wọ́n lò: ojú mẹ́jọ ló ní (ohùn mẹ́jọ ló lè gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀), téèpù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìdá mẹ́rin íǹṣì lọ, míkísà sì wà lára ẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà 1980 ni, ó ti di ọjà àtijọ́ nígbà tí wọ́n ń lò ó. Ojú mẹ́jọ kò gba kí èèyàn máa to gìtá ogún lé ara wọn. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí orin náà fẹ́. Fat Possum, ilé-iṣẹ́ orin tó wà ní Oxford ní Mississippi, ló gbé e jáde ní 2003. Àwo kẹta, ti 2004, inú ilé-iṣẹ́ táyà General Tire tí wọ́n ti pa tì ní Akron ni wọ́n ti gbà á. Àní ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n fi sọ àwo yẹn lórúkọ: Rubber Factory, ilé-iṣẹ́ rọ́bà.

Ọdún 2006 ni wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ Nonesuch, tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ orin ńlá Warner. Láti ìgbà náà, a ò lè pè wọ́n ní báńdì tó dá dúró mọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ títí di 2008, àwọn fúnra wọn ló ń gba orin wọn sílẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pe ẹlòmíì, Danger Mouse, láti wá darí àwo wọn. Àwo kẹfà, Brothers, tí wọ́n gba púpọ̀ rẹ̀ ní Muscle Shoals ní Alabama, ló jáde ní 2010. Ó gba Grammy mẹ́ta ní Oṣù Kejì 2011. Ẹ ka àwo yẹn: ìkẹfà ni, ọdún kẹjọ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Láàrin ọdún mẹ́jọ yẹn, ojú títì ni wọ́n wà, ẹni méjì, ọkọ̀ kan. Ẹni méjì ló ń jẹun, ẹni méjì ló ń pín owó; báńdì ẹlẹ́ni mẹ́fà kò lè fi irú owó kékeré bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí: wọ́n yá ìpolówó, fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n ní orin wọn gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ wọn níbẹ̀ kí rédíò tó máa lù wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ yá orin fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní láti gba àṣẹ méjì: ti ẹni tó ni orin tí a kọ, àti ti ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀. Bí méjèèjì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè dáhùn lọ́jọ́ kan náà. Bí ọ̀kan bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì tí kì í gbé fóònù, iṣẹ́ náà ti lọ.

Àǹtí Sáúǹdì

Àbúrò, ọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò tí ẹ sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́.

Okùn gìtá tó nípọn jù ń dún ní 82 Hz (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bí ẹ bá yí i sí E. Ti béèsì jẹ́ 41 Hz. Àlàfo tó wà láàrin ibẹ̀ ni èrò ń fi àyà gbọ́, ariwo ò sì lè dí i. Bí ẹ bá ń fi ampilifáyà gìtá nìkan wá a, tí ẹ ń yí bọ́tìnì béèsì rẹ̀ sókè, sípíkà rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní sọ ohun tó yé èèyàn.

Ẹ pín gìtá sí méjì. Wáyà gìtá kọ́kọ́ wọ àpótí tó ń pín ohùn. Ẹsẹ̀ kan gba fuzz (pẹ́dàlì tó ń fọ́ ohùn) lọ sínú ampilifáyà gìtá, ẹ dín béèsì rẹ̀ kù. Ẹsẹ̀ kejì gba pẹ́dàlì octave (tó ń mú ohùn lọ sísàlẹ̀) lọ sínú ampilifáyà béèsì, ẹ dín tírébù rẹ̀ kù, ẹ má sì jẹ́ kó fọ́ ohùn rárá. Octave ló gbọ́dọ̀ gbọ́ gìtá kó tó dé fuzz, torí pé bí ohùn bá ti fọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó. Octave àtijọ́ kì í gbọ́ ju okùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ fi àtàǹpàkò lu okùn ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ìka yòókù máa ṣe tiwọn lókè. Bí fuzz yín bá jẹ́ onígermanium, irú tó ń lo transistor àtijọ́, kì í fẹ́ kí àpótí tó ń gba iná jókòó ṣáájú rẹ̀. Ohùn á máa han bíi ti agolo. Irú ti Big Muff kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ẹ tan ampilifáyà kìíní, ó dún dáadáa, ẹ tan ìkejì, béèsì sá lọ. Kò bàjẹ́ o. Sípíkà kan ń jáde síwájú nígbà tí ìkejì ń wọ inú, wọ́n wá ń pa ara wọn. Ẹ pa ampilifáyà méjèèjì, ẹ tú wáyà sípíkà ọ̀kan, ẹ yí pupa sí ibi dúdú, ẹ tún un tàn. Ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí ampilifáyà méjèèjì bá wá ń hùn pọ̀ tí ọ̀kan ṣoṣo kì í hùn, ilẹ̀ iná wọn ló ti di òrùka. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gé irin ilẹ̀ kúrò lórí púlọ́ọ̀gì. Gìtá wà lára yín, máìkì wà létè yín, ibẹ̀ ni iná ń gbà pa olórin. Ẹ ra àpótí tí transformer wà nínú ẹ̀ láti pín ohùn, òun ló ń ya ilẹ̀ méjèèjì nípá.

Ti gbígbà sílẹ̀: ẹ kò nílò Tascam 388. Ẹ̀rọ oníUSB tó ní ojú mẹ́rin tó. Máìkì mẹ́ta fún dùrọ́ọ̀mù, ọ̀kan fún gìtá, ẹ kọrin lé e lẹ́yìn náà. Máìkì kan dúró lókè sínéà (snare, ìlù kékeré tó wà níwájú onílù), ìkejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀mù ilẹ̀, ìkẹta níwájú ìlù ẹsẹ̀. Ẹ mú okùn tó gùn tó mítà kan, ẹ di orí rẹ̀ mú ní àárín awọ sínéà, ẹ fà á dé máìkì kìíní, ẹ tún fà á dé ìkejì. Okùn náà gbọ́dọ̀ tó méjèèjì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi ìka mẹ́rin jìnnà ju ìkejì lọ, sínéà á dún bíi páálí. Ẹ jẹ́ kí ohùn tó ga jù wà láàrin -12 àti -6 dB lórí mítà ẹ̀rọ náà, ẹ sì fi ìgbàsílẹ̀ sí 24 bit. Bó bá kan 0, ó ti fọ́, kò sí bí ẹ ṣe lè tún un ṣe. Yàrá onítáìlì ń dún bíi balùwẹ̀: ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì méjì dúró ní igun ògiri, ẹ fi àṣọ òkè tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sábẹ́ ìlù.

GìtáMókólá

Àǹtí, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìlà octave ṣáájú fuzz yẹn, òdì kejì ẹ̀ gan-an là ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ampilifáyà onítúùbù kan wà tó ti Amẹ́ríkà wá, 120V ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà?

Àǹtí Sáúǹdì

Ẹ má kì í bọ iná wa tààrà; 230V sí 240V ni tiwa, fíúsì á lọ, bí fíúsì bá sì ti jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà dí, transformer inú rẹ̀ ló máa jó. Ẹ ra transformer tó ń sọ 240 di 120. Ẹ má fi wáàtì ohùn ṣe ìwọ̀n: ampilifáyà onítúùbù wáàtì 22 lè máa fa tó wáàtì 150 láti ara ògiri. Èyí tó lè gbé wáàtì 500 ni kí ẹ mú, kó má bàa gbóná. Transformer yẹn kì í yí 50 Hz tiwa padà sí 60 Hz tiwọn, nítorí náà ampilifáyà náà á gbóná díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ rí atẹ́gùn, pàápàá nínú ooru Oṣù Kẹta.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-pass-my-neighbour, iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹnì kan bá tan fáànù. Ẹ fi sítábíláísà sáàrin. Ínfátà tí kì í ṣe pure sine wave (irú tí ìgbì iná rẹ̀ dán) á máa han bí ìdún nínú sípíkà, kò sí fílítà tó máa mú un kúrò pátápátá. Bí ẹ bá ń gba orin sílẹ̀, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ẹ̀rọ USB máa jẹ bátìrì.

Ọ̀kan péré ló kù: ẹ má tan ampilifáyà onítúùbù láé láìjẹ́ pé wáyà sípíkà wà nídìí rẹ̀.

Oníwèé Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ìwé, torí òun ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ ìjà.

Lọ́jọ́ tí orin bá parí, kí ẹ tó dìde nílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ orin, ta ló kọ ọ̀rọ̀, ta ló kọ orin, ìdá mélòó ni ti oníkálukú nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́, ìfọwọ́sí méjèèjì. Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ jẹ́ ohun ìní kejì, ẹ kọ ti ìyẹn sọ́tọ̀. Bí ẹlòmíì bá ni sítúdíò, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé owó iṣẹ́ ló gbà, kò ní ìpín nínú ohùn náà. Àìsí ìwé yẹn máa ń mú kí onísítúdíò jókòó sórí fáìlì nígbà tí orin bá ń lọ.

Orin kọ̀ọ̀kan ní láti ní ISRC, àmì ìdánimọ̀ orin tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá. Èyí tí ẹ ṣe lórí pèpéle tàbí tí ẹ tún ṣe, tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Bí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ olùpín orin kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ISRC àtijọ́ ni kí ẹ gbé lọ, ká má bàa bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Èyí ṣe pàtàkì ní Spotify, níbi tí orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàrin oṣù méjìlá kì í mú owó ohùn wá láti 2024.

Fún iṣẹ́ orin kíkọ nílẹ̀ wa, MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó ni orin gba owó ẹ̀tọ́ wọn, ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí; òun ni àjọ Copyright fọwọ́ sí ní 2017. Bí wọ́n bá ń gbọ́ yín ní Amẹ́ríkà, owó méjì wà níbẹ̀ tí kì í fúnra rẹ̀ wá. The MLC ń gba owó òǹkọ̀wé orin lórí Spotify àti irú wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021. SoundExchange ń gba ti rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti sátẹ́láìtì: ìdá 50 fún ẹni tó ni ohùn, 45 fún olórin, 5 fún àwọn tó bá a lù ú. Báńdì tó dá dúró ń gba 50 àti 45 pọ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ bá dé ńkọ́? Ẹ ṣírò kí ẹ tó yọ̀. Ká ní wọ́n fún yín ní $10,000 ṣáájú, tí ìpín yín jẹ́ ìdá 15, tí àwo náà sì mú $50,000 wọlé. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ $7,500. Ẹ ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè $2,500, àwọn ló sì ni ohùn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré ń ṣe é bíi mìíràn: wọ́n á yọ ohun tí wọ́n ná, wọ́n á pín ìyókù sí méjì. Bí $10,000 kan náà bá ni gbogbo ìnáwó, $40,000 ló kù, $20,000 ni tiyín. Ẹ béèrè pé kí ohùn jẹ́ yíyá fún wọn fún iye ọdún kan, kó má jẹ́ títà. Ibi tí wọ́n bá kọ "in perpetuity" (títí láé) sí, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ pe lọ́yà.

Ọmọ Ògùnpa

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín, àmọ́ inú mi ò dùn sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Akron ni orin yìí ti ṣẹ̀. Mississippi ni, lápá àríwá tó ní òkè. Junior Kimbrough àti R.L. Burnside, àwọn àgbà olórin blues, ló ni ìró tí The Black Keys ń tọ̀. Fat Possum ti ń gba àwọn àgbà yẹn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ Akron tó dé ibẹ̀. Àwọn náà mọ̀ ọ́n: ní 2006, orin Kimbrough nìkan ni wọ́n fi ṣe àwo kékeré kan, wọ́n tún padà sí àwọn orin òkè yẹn ní 2021 pẹ̀lú Kenny Brown, tó ta gìtá fún Burnside.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn ìdí ìkòkò wà, kó tó di ọ̀rọ̀ pẹ́dàlì. Nínú blues ti òkè yẹn, gìtá kì í sáré pààrọ̀ kọ́ọ̀dù. Àtàǹpàkò ń lu okùn ìsàlẹ̀ kan láìdúró, ìka yòókù ń bá ohùn akọrin rìn, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí gòjé ṣe ń tẹ̀ lé ẹnu Yusuf Olatunji nínú sákárà, etí rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ẹ yí gìtá sí open G: D G D G B D, láti okùn tó nípọn. Ẹ fi okùn gbogbo sílẹ̀ láìtẹ̀, kí àtàǹpàkò máa lu D àti G ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí. Nígbà tó bá ti ń lọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tó fi orin lé e. Onílù, ẹ fi ìlù ẹsẹ̀ bá àtàǹpàkò lọ, ẹ fi sáńbà (cymbal, irin pẹlẹbẹ ìlù) sílẹ̀. Yorùbá máa bọ́ sí i wẹ́rẹ́, torí pé ohùn òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín ló ń darí ìka.

Bí ẹ bá sì fẹ́ wo báńdì tó dá dúró ní tòótọ́, ẹ wo North Mississippi Allstars. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni, Luther àti Cody Dickinson, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Bàbá wọn, Jim Dickinson, ń darí gbígbà orin, wọ́n ní sítúdíò ìdílé ní Mississippi, nígbà tó yá wọ́n gbé àwo jáde lábẹ́ orúkọ tiwọn.

Aláwo Òkè-Àdó

Òtítọ́ ni Ọmọ Ògùnpa sọ, mo gbà. Ẹni tó bá kọ orin Kimbrough lórí àwo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ Kimbrough síbẹ̀, kí owó òǹkọ̀wé lọ sílé rẹ̀. Bákan náà ni bí ẹ bá mú ègbè sákárà tó ní olówó.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pèpéle kún un. Ní 2024, lẹ́yìn gbogbo Grammy yẹn, The Black Keys fagi lé ìrìn-àjò wọn sí àwọn gbọ̀ngàn ńlá ní Àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n ní ibi tó kéré jù bẹ́ẹ̀ làwọn máa lọ. Iye àga ibi eré ló ń jẹ báńdì, yálà ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún. Ẹ má sáré gba gbọ̀ngàn ńlá Cultural Centre ní Mókólá torí pé ó sún mọ́ yín. Ibi tó gba ọgọ́ta èèyàn, tó kún tí wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, dára ju ibi ẹgbẹ̀rún kan tí ọgọ́rin jókòó sí lọ. Ẹ máa ṣeré níbì kan náà lọ́jọ́ kan náà lóṣù, fún oṣù mẹ́fà, kí èèyàn mọ ọjọ́ yín bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ ọjà.

Ti owó: ká ní wọ́n san ₦120,000. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọkọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ àti okùn gìtá. Ká ní ó jẹ́ ₦30,000. ₦90,000 tó kù, ẹ pín in sí mẹ́ta: ìpín kan fún oníkálukú, ìkẹta fún àpò báńdì. Àpò kẹta yẹn ni yóò san owó àwo. Báńdì tó bá ń pín gbogbo rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ìgbà gbogbo ni yóò máa yá owó gba orin sílẹ̀.

GìtáMókólá

A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Open G la ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Àǹtí, ìbéèrè ìkẹyìn: ṣé gbogbo ẹrù yìí lè wọ Mícrà kan?

Àǹtí Sáúǹdì

Ó lè wọ̀ ọ́, bí ìlù ẹsẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 18 tàbí 20. Ti 22 lè há mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn Mícrà. Ẹ tú awọ iwájú ìlù ẹsẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀mù kékeré sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ láàrin. Ampilifáyà béèsì lọ sí búùtù, ti túùbù dúró lórí ìjókòó ẹ̀yìn, kó má dùbúlẹ̀, torí ihò ọ̀nà Ìwó Road á gbọn túùbù kúrò nínú ihò rẹ̀. Ẹ ká rọ́ọ̀gì kan tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì mọ́ irin sáńbà. Ẹ má gbàgbé rọ́ọ̀gì yẹn: lórí táìlì, ìlù ẹsẹ̀ á máa sún síwájú títí tí yóò fi kúrò lẹ́sẹ̀ onílù ní àárín orin kejì.